Ọta 50, mẹ́fà kọ̀: àkọsílẹ̀ bí a ṣe wá ìdí tí ọta àfọwọ́ṣe kò fi dún

Ìbọn: ráífù alábóòtù kan (bóòtù ni irin ẹ̀yìn tí a ń fi ọwọ́ tì láti sé ọta mọ́ inú ìbọn), .308 Winchester, tí ìkọ́ ńlá ẹ̀gbẹ́ bóòtù rẹ̀ máa ń di etí ọta mú bí ti ráífù Mauser.

Ọta: àfọwọ́ṣe, 70 lápapọ̀. Ìkarahun wọn dà pọ̀: díẹ̀ jẹ́ ti ológun, èyí tó kù jẹ́ èyí tí ará ìlú máa ń rà. Omi àti abẹ́rẹ́ irin wẹ́wẹ́ ni a fi fọ gbogbo wọn.

Ìṣòro: 50 ni a yìn, mẹ́fà kọ̀. Abẹ́rẹ́ ìbọn lu práímà (ife kékeré ìdí ọta tó ń ṣáná sí ẹ̀tù), ìró kékeré kan dún, ó tán. Nígbà tí a tún lù wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, mẹ́rin dún, méjì kò dún rárá. Ọta ilé-iṣẹ́ 20 tí a yìn nínú ìbọn kan náà lọ́jọ́ náà dún láìku ẹyọ kan. Ọta àfọwọ́ṣe 20 ṣẹ́kù sínú páálí, a kò fọwọ́ kàn wọ́n, torí pé àwọn ni ẹlẹ́rìí wa.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú: ibi tí a bá ti kọ "ọta" lásán, odidi rẹ̀ ni a ń sọ. "Orí ọta" ni òjé tí wọ́n fi bàbà bò, èyí tó ń fò lọ. "Ìkarahun" ni idẹ tó gbé gbogbo rẹ̀ dání, ó ní ọrùn, èjìká, ara àti ìdí. "Kòtò práímà" ni ihò fẹ̀ǹfẹ̀ tó wà nídìí, "ihò iná" sì ni ihò kékeré tí iná práímà ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀tù.

Nígbà tí ìbọn bá kọ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣáájú gbogbo ìwádìí. Ẹ má ṣí bóòtù. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìbọn dojú kọ ibi tí ẹ ń yìn sí, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan kò ná wa ní nǹkan kan. Ìdí ni pé ọta mìíràn kò kọ̀, ó kàn pẹ́ ni: práímà ti gbiná, ẹ̀tù ń jó díẹ̀díẹ̀, ọta á wá lọ lójijì. Bí bóòtù bá wà ní ṣíṣí nígbà náà, ìkarahun yóò bẹ́ sójú ẹni tó ń yìn ín.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú náà, ẹ yọ ọta jáde kí ẹ sì wò ó. Ṣé orí rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ìkarahun? Bí kò bá sí níbẹ̀, iṣẹ́ ti parí fún ọjọ́ náà títí ẹ ó fi ki ọ̀pá gba inú ìbọn láti ẹnu dé ìdí. Agbára práímà nìkan tó láti ti orí ọta wọ inú ọ̀pá ìbọn kó sì há síbẹ̀, pàápàá bí ẹni tó dì í bá gbàgbé ẹ̀tù. Ọta tó bá tẹ̀ lé e lè fọ́ ọ̀pá náà. Nínú mẹ́fà tiwa, gbogbo orí ọta wà níbi tí a fi wọ́n sí.

Ìlù ẹ̀ẹ̀kejì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń lu ọta tó kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé wọn kò fẹ́ pàdánù rẹ̀. Ìdí tiwa ni pé èsì rẹ̀ máa ń pín àìsàn náà sí ọ̀nà méjì.

Inú práímà nìyí: ife kékeré kan tí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe, oògùn iná tó gbẹ nínú rẹ̀, àti owú irin kékeré kan tó dúró lórí oògùn náà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ díẹ̀ lẹ́nu ife. Bí òòlù alágbẹ̀dẹ kò ṣe lè tẹ irin tí kò bá sí owú lábẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ìbọn kò lè fọ́ oògùn tí owú kò bá dúró gbọin-gbọin. Ẹsẹ̀ owú gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ kòtò práímà. Tó bá kanlẹ̀, gbogbo ìlù abẹ́rẹ́ yóò fún oògùn pọ̀ mọ́ owú, iná á sì ṣẹ́. Tí kò bá kanlẹ̀, ìlù àkọ́kọ́ á ti práímà wọlé bí ìgbà tí ènìyàn ń gbá ìṣó, agbára á sì tán lójú ọ̀nà. Ìlù kejì ló máa wá bá a ní ìkálẹ̀.

Nítorí náà, bí ọta bá dún lẹ́ẹ̀kejì, oògùn iná rẹ̀ yè: nǹkan kan ló ń sún sẹ́yìn nígbà ìlù, bóyá práímà ni, bóyá odidi ìkarahun ni. Bí kò bá dún lẹ́yìn ìlù méjì tó jinlẹ̀, oògùn náà ni kí a fura sí. Mẹ́rin wa wà ní ìhà kìíní, méjì wà ní ìhà kejì. Àìsàn wa ju ẹyọ kan lọ, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó mú irinṣẹ́ kankan.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: ọta ilé-iṣẹ́ 20 tó dún dáadáa kò dá ìbọn láre tán. Ohun tó fi hàn kò ju pé ìbọn náà lè lu ọta tó péye. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Jíjìn práímà

Ọta 20 tó ṣẹ́kù ni a kọ́kọ́ dojú kọ. A gbé ìdí ìkọ̀ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀, a fi etí rúlà irin tó tọ́ gbọnrangandan lé e lórí. Ó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ yọ tín-ín-rín láàárín rúlà àti práímà, nítorí práímà gbọ́dọ̀ rì wọ inú díẹ̀: 0.003 sí 0.005 íńṣì sísàlẹ̀ ìdí ìkarahun ni a máa ń fẹ́. Tí rúlà bá ń mì tàbí tó ń yí bí ìgbà tí nǹkan wà lábẹ́ rẹ̀, práímà náà ga jù.

Nínú 20, mẹ́tàdínlógún dára. Méjì bá ìdí ìkarahun dọ́gba, ọ̀kan sì yọ síta débi pé èékánná ń kọ́ ọ. A wo àmì tí wọ́n tẹ̀ sí ìdí wọn: ìkarahun ológun ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n ní òbìrìkìtì tí àgbélébùú wà nínú rẹ̀, àmì NATO. A padà sọ́dọ̀ ìkarahun mẹ́rin tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́ta nínú wọn ní àmì kan náà.

Ohun tó fà á nìyí. Wọ́n máa ń fún etí kòtò práímà ọta ológun pọ̀ kí práímà má baà jábọ́ nínú ìbọn ayára-yìn. Nígbà tí ẹ bá yọ práímà àtijọ́ kúrò, etí tí wọ́n fún yẹn á ṣẹ́kù bí òrùka tóóró lẹ́nu kòtò. Práímà tuntun á gbìyànjú láti gba ibẹ̀, etí ife rẹ̀ á ká tàbí kó fẹ̀gbẹ́ kan wọlé, ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á gbọ́ pé ó le, á rò pé ó ti kanlẹ̀. Kò tíì kanlẹ̀.

Òrùka yìí ní ìtọ́jú méjì: kí a fi irinṣẹ́ tó ní orí líle tì í fẹ̀, tàbí kí a fi ọ̀bẹ yíyí gé e kúrò. Títì í fẹ̀ ni mo fara mọ́. Ẹni tó bá ń fi ọ̀bẹ gé lè gé jù, kòtò á fẹ̀, práímà á sì máa tú. Kòtò práímà ńlá ti ráífù gbọ́dọ̀ jìn tó 0.125 sí 0.132 íńṣì. A wọn gbogbo ìkarahun ológun wa, jíjìn wọn dára. Ẹnu kòtò nìkan ni ìṣòro wà, àti èérí dúdú díẹ̀ nísàlẹ̀ méjì nínú wọn. Ẹ má fojú kéré èérí yẹn. Yíyọ tí ẹ bá yọ práímà láì ha ìsàlẹ̀ kòtò, eérú tó kù níbẹ̀ di ìrọ̀rí fún ẹsẹ̀ owú.

Nígbà tí a wà níbẹ̀, a rántí àṣìṣe kan tí kò sí nínú ọta wa, àmọ́ tó ń ṣẹlẹ̀: práímà ńlá ti ìbọn ìléwọ́ àti práímà ńlá ti ráífù fẹ̀ bákan náà, 0.210 íńṣì, ṣùgbọ́n ti ìléwọ́ kúrú ní nǹkan bí 0.008 íńṣì. Bí ẹ bá fi í sínú ìkarahun ráífù, á rì jù, abẹ́rẹ́ lè má bá a dáadáa. Bí ó bá sì bá a, ife rẹ̀ fúyẹ́, agbára ráífù lè lù ú jáde. Ẹ má jẹ́ kí páálí méjèèjì wà lórí tábìlì kan náà.

Ọta mẹ́ta tí práímà wọn ga yìí, a kò tún wọn tẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ práímà wọlé sí i lẹ́yìn tí ẹ̀tù àti orí ọta ti wọlé, nítorí pé bí ó bá gbiná, ọta á dún lọ́wọ́ ẹni, kò sì sí ọ̀pá ìbọn tí yóò darí rẹ̀. A tú wọn palẹ̀. Bákan náà, ẹni tó ní ìbọn tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń lọ bọ̀ fúnra rẹ̀, bíi M1 Garand, kí ó mọ̀ pé ewu práímà gíga ní ìhà tirẹ̀ ju kíkọ̀ lọ: bóòtù lè lù ú kí ó tó tì tán, kí ọta dún láì jẹ́ pé ẹnì kan fa tírígà.

Èjìká tó ti sá sẹ́yìn

Práímà gíga ṣàlàyé mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ìkẹrin jẹ́ ti ará ìlú, kòtò rẹ̀ mọ́, kò sí òrùka. Ọ̀dọ̀ èjìká ni a lọ.

.308 máa ń fi èjìká dúró nínú ìyẹ̀wù ìbọn, ìyẹn ibi tí ọta ń wọ̀ kí a tó yìn ín. Láti ojú bóòtù dé ibi kan pàtó lórí èjìká, níbi tí ó fẹ̀ tó 0.400 íńṣì, ni gígùn tí wọ́n ń pè ní headspace. Géèjì (irin tí a fi ń wọn ìyẹ̀wù) tó kéré jù tí bóòtù gbọ́dọ̀ tì lé lórí jẹ́ 1.630 íńṣì, èyí tí kò gbọdọ̀ tì lé nínú ìbọn tuntun jẹ́ 1.634, èyí tí kò gbọdọ̀ tì lé nínú ìbọn tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ sì jẹ́ 1.638. Bóòtù ìbọn yìí tì sórí 1.630, kò tì sórí 1.634. Ìyẹ̀wù rẹ̀ péye.

Ó kú ìkarahun. A so ìwọ̀n tó ní ihò 0.400 mọ́ kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn gígùn. Kí ẹ tó wọn ìkarahun tí a ti yìn, ẹ yọ práímà rẹ̀ kúrò, torí pé ojú práímà tí abẹ́rẹ́ ti lù máa ń wú díẹ̀, á sì sọ irọ́ fún yín. Márùn-ún tí a yìn nínú ìbọn yìí ka 1.631. Márùn-ún tí a ti ti gba inú dáì kọjá (irin oníhò orí ẹ̀rọ ìtẹ̀ tó ń fún ìkarahun tí a ti yìn padà sí ìwọ̀n) ka 1.621. Ọta ilé-iṣẹ́ ka 1.628.

0.010 íńṣì ni dáì fi ti èjìká sẹ́yìn. Ohun tí ráífù alábóòtù nílò kò ju 0.001 sí 0.002 lọ, ayára-yìn nílò 0.003 sí 0.004.

A tún fẹ́ rí i lójú. A mú ìkarahun mẹ́ta tó ti gba dáì kọjá, a fi práímà nìkan sí i, kò sí ẹ̀tù, kò sí orí ọta, a fi sínú ìbọn, a dojú rẹ̀ kọ ibi ìyìnbọn, a bo etí, a yìn ín. Nínú ọta tó pé, agbára ẹ̀tù á gbá ìkarahun sẹ́yìn mọ́ bóòtù, á sì ti práímà padà wọlé. Níhìn-ín kò sí agbára yẹn: práímà sún sẹ́yìn títí ó fi fara ti ojú bóòtù, ó sì dúró síbẹ̀. Bí ó ṣe yọ tó ni àlàfo ṣe tó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ 0.009. Ó hàn sójú láìlo kálípà: òrùka idẹ tó ń dán yí ẹ̀gbẹ́ práímà ká, bí ìgbà tí ìdérí ìgò kò wọlé tán. Ẹ má tún lo ìkarahun kan náà fún àyẹ̀wò yìí lẹ́ẹ̀kejì láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, nítorí pé ìlù abẹ́rẹ́ àti iná práímà nìkan lè tún ti èjìká sẹ́yìn díẹ̀ sí i, kí èsì kejì sì burú ju òótọ́ lọ.

Àlàfo yìí ló jẹ agbára abẹ́rẹ́. Ìkọ́ bóòtù di etí ìkarahun mú, ṣùgbọ́n kò fún un pinpin. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá lù ú, ìkarahun á kọ́kọ́ sáré síwájú títí èjìká á fi kan ògiri ìyẹ̀wù. Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti fi òòlù lu ìṣó sínú pákó tí kò ní nǹkan kan lẹ́yìn yóò mọ ohun tí mo ń sọ.

Dáì: ìdámẹ́rin ìyípo

Báwo ni dáì ṣe lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀? Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni pé kí a yí dáì wálẹ̀ títí ó fi kan ìdìmú ìkarahun, kí a sì fi ìdámẹ́rin ìyípo kún un. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ojú skúrúù dáì jẹ́ 7/8-14, ìyẹn ni pé ìyípo 14 ni íńṣì kan. Ìyípo kan jẹ́ 0.0714 íńṣì. Ìdámẹ́rin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.018. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ máa ń nà díẹ̀, á sì gbé lára rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n èyí tó kù ṣì pọ̀ ju ohun tí èjìká nílò lọ fíìfíì. Ìlànà yẹn wà kí ọta lè wọ ìbọn yòówù. Ẹni tó ní ìbọn kan ṣoṣo níwájú rẹ̀ kò nílò rẹ̀.

A fẹ́ gba 0.008 padà. 0.008 nínú 0.0714 jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n 40 nínú 360, díẹ̀ sísàlẹ̀ ìdámẹ́jọ ìyípo. A fi bírò fa ìlà sórí dáì àti sórí ẹ̀rọ, a tú òrùka ìdè, a yí dáì sókè ní ìwọ̀n 50 kí a má baà kọjá ibi tí a ń lọ, a sì wá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìkarahun àkọ́kọ́ ka 1.633. Ó gùn ju èyí tí a yìn lọ! Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Nígbà tí dáì bá ń fún ara ìkarahun láì tíì kan èjìká, idẹ kò ní ibi tí yóò lọ ju iwájú lọ, èjìká á sì ga sí i. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rù nìyí, tí wọ́n á rí i pé bóòtù le, tí wọ́n á wá yí dáì wálẹ̀ pátápátá. Ẹ ní sùúrù. A sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n 5, ó ka 1.632. Ìwọ̀n 3 sí i, 1.630. Ìwọ̀n 2 sí i, 1.629 lórí ìkarahun márùn-ún tẹ̀ léra. A dúró, a di òrùka mọ́lẹ̀ nígbà tí ìkarahun ṣì wà nínú dáì kí ó lè dúró déédéé.

A yọ abẹ́rẹ́ àti sípíríǹgì kúrò nínú bóòtù, a fi ìkarahun náà sínú ìyẹ̀wù, a jẹ́ kí apá bóòtù wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tó ka 1.633 dúró lágbedeméjì. Èyí tó ka 1.629 jẹ́ kí apá bóòtù sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó kàn fara kan nǹkan kékeré ní òpin. Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Inú bóòtù

Níwọ̀n bí a ti tú bóòtù, a wo abẹ́rẹ́. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń yọ lójú bóòtù yẹ kó wà láàárín 0.055 sí 0.065 íńṣì nínú irú ìbọn báyìí. Tiwa yọ 0.051. Orí abẹ́rẹ́ dán, kò jẹ, kò ṣẹ́. A tàn iná wo inú bóòtù láti ẹ̀yìn. Níwájú pátápátá, níbi tí èjìká abẹ́rẹ́ ń fara tì, epo àtijọ́ ti gbẹ mọ́ ògiri bí oje igi, ó ní àwọ̀ ìpara bàtà, eruku idẹ wẹ́wẹ́ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Igi tóóró kan tí a fi aṣọ wé lórí, pẹ̀lú òògùn ìfọkábúrétọ̀, ló yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. A wọn abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kansi: 0.060.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ọta ilé-iṣẹ́ ti padà wá. Ẹ wo ìṣirò yìí. Ṣáájú ìfọ̀, abẹ́rẹ́ ní 0.051 láti ná. Ọta ilé-iṣẹ́ gba 0.003 fún àlàfo èjìká àti nǹkan bí 0.004 fún rírì práímà, ó ku 0.044. Ọta wa gba 0.010 àti 0.004, ó ku 0.037, kí a tó ka agbára tó bá sísáré ìkarahun síwájú lọ. Tí práímà kò bá tún kanlẹ̀, òun náà á gba tirẹ̀. Epo tó gbẹ nìkan kò tó láti mú ọta kọ̀. Èjìká nìkan kò tó, torí 44 nínú 50 ló dún láìka èjìká sí. Wọ́n kóra jọ ni. Ẹni tó bá rí ọ̀kan, tó tún un ṣe, tó sì dúró síbẹ̀, á rí i pé kíkọ̀ dín kù, á rò pé ó ti tán, yóò sì tún bá a pàdé ní òwúrọ̀ tí òtútù bá mú, nígbà tí epo bá le sí i.

A kò fi epo padà sínú bóòtù. A nù ún gbẹ, a fi epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ra abẹ́rẹ́ lára kí ó má dípẹtà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sípíríǹgì kò kúrú, kò sì tẹ̀, a dá a padà.

Àwọn méjì tí kò dún rárá

Ojú abẹ́rẹ́ lórí práímà wọn jinlẹ̀, ó sì wà láàárín gbùngbùn. Ìlù dé ọ̀dọ̀ wọn. A ní láti tú wọn palẹ̀.

Fún ọta tí a ti lù tí kò dún, irinṣẹ́ tó ń fi èèkánná di orí ọta mú lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀ ni a lò. Òòlù tí wọ́n ń ki ọta sí lórí, tí wọ́n sì ń lù mọ́lẹ̀ kí orí ọta lè yọ, dára fún ọta tí kò ní ìṣòro, ṣùgbọ́n práímà tí abẹ́rẹ́ ti lù lẹ́ẹ̀mejì lè ti fọ́ nínú, a kò fẹ́ gbá a mọ́ nǹkan kan. Awò ojú wà lójú wa, ìdí ọta kò sì dojú kọ ènìyàn.

A da ẹ̀tù wọn sórí ìwé funfun. Ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ìwé ìlànà mu, a kò gbàgbé rẹ̀, a kò sì fi kéré jù. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò tú jáde. Ó lẹ̀ pọ̀ bí iyọ̀ tó ti fa omi, ìgbà tí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kàn án ló ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́. Nígbà tí a fi ẹ̀rọ rọra ti práímà jáde, oògùn inú rẹ̀ ti rọ̀, ó ti sún kúrò lábẹ́ owú bí ẹrẹ̀ tí a tẹ̀.

Omi ni. A fi omi fọ ìkarahun, a gbé wọn sórí aṣọ, ẹnu sókè, di ọjọ́ kejì. Ara wọn gbẹ, inú wọn dà bí ẹni pé ó gbẹ. Ihò iná kò fẹ̀ ju 0.080 íńṣì lọ, ẹ̀kán omi kan lè dúró sínú rẹ̀ bí ó ṣe ń dúró sínú ihò abẹ́rẹ́, kí ó má jábọ́, kí afẹ́fẹ́ má sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kíákíá. Nígbà tí a tẹ práímà wọlé, a sé omi náà mọ́ inú.

Láti ìgbà náà, ẹnu sísàlẹ̀ ni a ń gbé wọn, lẹ́yìn tí a bá ti gbọ̀n wọ́n nínú aṣọ ìnura. Lẹ́yìn náà, wákàtí kan nínú ààrò ní 90°C. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ààrò sún mọ́ 250°C: idẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láti ibẹ̀ lọ, ìdí ìkarahun tó bá rọ̀ kò sì lè gba agbára ẹ̀tù mọ́. A tún ń tàn iná láti ẹnu ìkarahun, kí a rí i pé ìmọ́lẹ̀ yọ roboto nínú ihò iná. Abẹ́rẹ́ irin wẹ́wẹ́ méjì tó bá há pọ̀ síbẹ̀ lè dí i, ṣùkù àgbàdo lílọ̀ tí àwọn mìíràn fi ń fọ ìkarahun náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Epo náà ń ba práímà jẹ́: ọwọ́ tó ti kan ọ̀rá ìfọ́ra dáì kò gbọdọ̀ mú práímà. Àmọ́ ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé epo láti pa práímà tí ẹ fẹ́ jù nù. Òmíràn á gbẹ, á sì tún dún. Ẹ fi èyí tó bàjẹ́ sínú ìkarahun òfìfo, kí ẹ yìn ín síbi ìyìnbọn. Ẹ̀tù tó fa omi kò padà sínú agolo; a fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ilẹ̀ koríko.

Ìkarahun tí a ti yìn

44 tó dún lẹ́ẹ̀kan náà àti mẹ́rin tó dún lẹ́ẹ̀kejì kò kọjá láìyẹ̀ wọ́n wò. Ìkarahun tó ń sáré síwájú 0.010 ní gbogbo ìgbà ń nà ní ìsàlẹ̀ ara rẹ̀, ibẹ̀ á sì máa tín-ín-rín títí yóò fi já sí méjì nínú ìyẹ̀wù, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná bọ́ sẹ́yìn. A tẹ okùn irin tóóró ní ìkọ́, a pọ́n orí rẹ̀, a fà á lára ògiri inú láti ìdí sókè. Níbi tó bá ti tín-ín-rín, ìkọ́ á kọ́ sínú kòtò kan kí ó tó kọjá. Mẹ́rin kọ́ ọ, gbogbo wọn sì ní òrùka funfun tó ń dán yí ara wọn ká níta. A fi ẹ̀mú tẹ ẹnu wọn pa kí ẹnikẹ́ni má tún rò pé wọ́n dára, a sì jù wọ́n sínú idẹ àtijọ́.

Ìdánwò

44 tó kù: a fọ̀ wọ́n, a gbẹ wọ́n nínú ààrò, a ti òrùka ológun fẹ̀, a ha ìsàlẹ̀ kòtò gbogbo wọn, a ti wọ́n gba dáì ní ibi tuntun. Ẹ̀tù kan náà, ìwọ̀n kan náà, irú práímà kan náà láti inú páálí kan náà. A mọ̀ọ́mọ̀ má pààrọ̀ práímà, nítorí bí a bá pa á pọ̀ mọ́ àwọn àtúnṣe yòókù, a kò ní mọ èwo ló ṣiṣẹ́. Rúlà kọjá lórí ìdí ìkọ̀ọ̀kan kí ẹ̀tù tó wọlé: gbogbo wọn rì láàárín 0.003 sí 0.005.

44 ni a yìn, 44 dún. Mẹ́ta nínú wọn, lẹ́yìn tí a yọ práímà wọn, ka 1.631 bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọta 17 tí práímà wọn dára láti inú ẹlẹ́rìí 20 náà, a tú wọn palẹ̀ láìyìn wọ́n: mẹ́rìndínlógún gbẹ, ọ̀kan ní ẹ̀tù tó lẹ̀ pọ̀ nísàlẹ̀.

Lórí páálí dáì, a kọ èyí: "1.629. Ìbọn yìí nìkan. Ẹ wọn ìkarahun àkọ́kọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dá dáì padà sórí ẹ̀rọ."